Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Kọ́fáàtì tó dúró sójú kan, owó ẹgbẹ́ onílé àti gọ́tà tí kò ní baba

Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀. Ibi tí wọ́n ti wá yàtọ̀ síra, láti Olódó dé Apẹtẹ, àmọ́ ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò: ọ́fíìsì wà, òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀, owó ń wọlé, ṣùgbọ́n ará ìlú kò mọ ilẹ̀kùn tó yẹ kó kàn. A mú márùn-ún nínú wọn.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lọ́dún kan tí wọ́n ti ri pátákó mọ́lẹ̀ ní àdúgbò wa pé kọ́fáàtì ń bọ̀. Wọ́n gbẹ́lẹ̀, wọ́n da òkúta sílẹ̀, a ò rí wọn mọ́. Káńsù ní ká lọ bá agbaṣẹ́ṣe. Agbaṣẹ́ṣe ní káńsù ò tíì sanwó. Ta ni ká gbà gbọ́ nínú wọn? — Onílé kan, Olódó

Ẹ má tíì gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Ìwé ni kí ẹ béèrè, torí pé káńsù kì í sanwó iṣẹ́ láìní ìwé tó tẹ̀ lé e, irọ́ ẹnu kò sì lè dúró níwájú ìwé owó tí ọjọ́ àti nọ́ńbà wà lórí rẹ̀.

Òfin tó fún yín lágbára ni Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní FOI. Ó pẹ́ tí àwọn ìpínlẹ̀ kan fi ń jiyàn pé òfin àpapọ̀ ni, kò kan àwọn. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ parí àríyànjiyàn yẹn lóṣù kẹrin ọdún 2025: gbogbo ìpínlẹ̀ ló kàn. Ẹ ò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ẹ ò sì ní láti jẹ́ lọ́yà. Kódà ẹni tí kò mọ̀wé kọ lè lọ fẹnu béèrè. Òṣìṣẹ́ tó bá gbọ́ ọ ni òfin ní kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún un ní ẹ̀dà kan.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ lẹ́tà náà, alága káńsù ni kí ẹ kọ ọ́ sí, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí olórí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù àti akápò. Ẹ sọ lórí lẹ́tà pé abẹ́ òfin FOI ọdún 2011 ni ẹ ti ń béèrè. Lẹ́yìn náà, ẹ dárúkọ ìwé tí ẹ fẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: lẹ́tà tí wọ́n fi gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, tí iye owó àti ọjọ́ wà lórí rẹ̀; àwòrán iṣẹ́ pẹ̀lú ìwé tó ka iye símẹ́ǹtì, irin àti òkúta, èyí tí àwọn agbaṣẹ́ṣe ń pè ní BOQ; àkọsílẹ̀ gbogbo owó tí wọ́n ti san, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà ìwé owó; ìwé tí ẹnjiníà káńsù fọwọ́ sí pé iṣẹ́ dé ibi báyìí kí wọ́n tó sanwó; àti ojú ìwé tí iṣẹ́ náà wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ojú ìwé kan ti tó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kọsẹ̀ nìyí. Wọ́n á kọ ọ́ pé "Ẹ wá ṣàlàyé ohun tí ẹ fi owó wa ṣe." Ìjà nìyẹn, kì í ṣe ìbéèrè. Kò sí fáìlì tó ń jẹ́ "ohun tí ẹ fi owó wa ṣe" ní ọ́fíìsì kankan, nítorí náà ó rọrùn fún òṣìṣẹ́ láti dáhùn pé òun kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn kọ lẹ́tà tó dáa, wọ́n wá fún messenger ní ẹnu ọ̀nà, wọ́n lọ sílé. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Ẹ kó méjèèjì dé ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé wọlé, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ọjọ́ mọ́ ẹ̀dà tiyín, kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i, kó kọ orúkọ rẹ̀. Òǹtẹ̀ yẹn ni aago yín. Láìsí i, ó máa nira láti fi hàn pé ọjọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.

Ọjọ́ 7 ni òfin fún wọn. Wọ́n lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un bí ìwé tí ẹ béèrè bá pọ̀ jọjọ, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ kọ̀wé sọ fún yín. Bí ọ̀rọ̀ náà bá jẹ́ ti ọ́fíìsì mìíràn, àwọn ló yẹ kí wọ́n fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ síbẹ̀, wọn kò gbọdọ̀ máa tì yín kiri. Owó tí wọ́n lè gbà kò ju ti fọ́tókọ́pì àti títẹ ìwé lọ. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n sọ apá òfin tí wọ́n dúró lé. Bí wọ́n bá dákẹ́ títí ọjọ́ fi pé, òfin ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn sí kíkọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Ọ́fíìsì tí adájọ́ bá rí i pé ó fi ìwé pa mọ́ láìtọ́ á san ₦500,000, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí i padà, ẹ̀wọ̀n ọdún kan ó kéré tán ni òfin kọ. Ẹ rántí ọjọ́ 30 yẹn dáadáa o. Àwọn tó ń retí pé "wọ́n á ṣì dá wa lóhùn" ló sábà máa ń jẹ́ kó kọjá lọ.

Bí ìwé bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ mú tépù lọ síbi iṣẹ́. Ká ní BOQ sọ pé pèpéle kọnkéré orí kọ́fáàtì gùn ní mítà 5, ó fẹ̀ ní mítà 4, ó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 20: ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, mítà onígun mẹ́ta 4 ni. Kọnkéré tí wọ́n pò ní símẹ́ǹtì 1, iyanrìn 2, òkúta 4 máa ń jẹ nǹkan bí àpò símẹ́ǹtì mẹ́fà àbọ̀ fún mítà onígun mẹ́ta kan, nítorí náà pèpéle yẹn kò gbọdọ̀ jìnnà sí àpò 26. Bí wọ́n bá ti gba owó àpò 60, ó yẹ kí ẹnjiníà wọn wá sọ ibi tí ìyókù wọlé sí. Bí iṣẹ́ bá sì parí, ẹ béèrè owó ìdádúró, èyí tó sábà máa ń jẹ́ ìdá 5 nínú 100, tí káńsù ń dì mú fún oṣù mélòó kan kó lè dá agbaṣẹ́ṣe padà bí kọ́fáàtì bá sán. Nígbà tí wọ́n bá ti san án tán, kò sí ohun tí ẹ fi lè pè é padà mọ́.

Alága ẹgbẹ́ onílé wa ti wà nípò fún ọdún 9. Ọwọ́ rẹ̀ ni owó wà, ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé wà. A ti béèrè ìṣirò títí, ó ní a ń rí òun fín. Àwọn kan ní ká kó ọlọ́pàá lọ bá a. — Akọ̀wé tẹ́lẹ̀, Mọ́lété

Ẹ fi ọlọ́pàá sílẹ̀ ná. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kò fàyè gba kí wọ́n mú èèyàn lórí gbèsè tàbí àdéhùn lásán. Ẹ̀yin tí ẹ ń bínú ló lè wá di ẹni tó ń ṣàlàyé ní téṣàn. Bí olè bá hàn gbangba nínú ìwé, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá lè wáyé, ìwé sì ni ẹ ò tíì ní.

Ẹ kọ́kọ́ kọ ìṣirò náà fúnra yín láti ìta. Ká ní ilé 86 ló wà ládùúgbò, tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san ₦2,000 lóṣù. Ohun tó yẹ kó wọlé lọ́dún ni ₦2,064,000. Ẹ lọ gba rìsíìtì tàbí àlaàtì lọ́wọ́ àwọn onílé, kí ẹ ro ó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ₦1,410,000, a jẹ́ pé àwọn onílé fúnra wọn jẹ ẹgbẹ́ ní ₦654,000, ẹjọ́ yẹn kì í sì í ṣe ti alága. Ẹ wá wo ohun tó wọ báńkì. Bí ó bá jẹ́ ₦1,235,000, ₦175,000 ló gba ọwọ́ ẹnì kan kọjá. Ó lè jẹ́ owó ọdẹ, ó lè jẹ́ owó tírásífọ́mà tí wọ́n tún ṣe, kó mú ìwé ìnáwó rẹ̀ wá. Ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní "o jẹ owó wa" báyìí, ó ti di ₦175,000. Àgbàlagbà tí kò ní dáhùn èébú lè dáhùn ìyẹn láì bínú.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ lẹ́tà fún un, kí ẹ fún un ní ọjọ́ 14, kí Mógàjí tàbí Baálẹ̀ àdúgbò gba ẹ̀dà kan gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bí kò bá dáhùn, ẹ pe ìpàdé pàjáwìrì bí ìwé òfin ẹgbẹ́ yín bá ṣe là á kalẹ̀. Ẹ ka iye ẹni tó wá, kí wọ́n fọwọ́ síwèé, kí ìpinnu wọnú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Àkọsílẹ̀ yẹn gan-an ni báńkì máa béèrè kí wọ́n tó yí orúkọ àwọn tó ń fọwọ́ sí owó padà, pẹ̀lú ìdánimọ̀ àti BVN àwọn tuntun. Bí ẹgbẹ́ yín bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹ wo orúkọ àwọn alámòójútó tó wà níbẹ̀. A máa ń rí i pé àwọn tó ti kó lọ tàbí tó ti kú ṣì wà nínú ìwé.

Bí ẹ bá yan ìgbìmọ̀ tuntun, ẹ má fi ọwọ́ kan náà dì í. Ẹni mẹ́ta ni kó wà lórí àkáǹtì, kí ẹni méjì fọwọ́ sí i kí owó tó jáde, kí àwọn méjèèjì má sì jẹ́ ọmọ ilé kan náà. Ìwé rìsíìtì gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà tó tò tẹ̀ léra. Èyí tí wọ́n bá kọ ṣì, kí wọ́n fagi lé e, kó ṣì wà nínú ìwé, torí pé rìsíìtì tó ya sọnù ló ń bí ọ̀rọ̀. Owó tó bá wọ ọwọ́ akápò gbọ́dọ̀ wọ báńkì láàárín ọjọ́ méjì. Kó ní owó kékeré fún ìnáwó wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, bí ₦20,000, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ìpàdé oṣooṣù, kí wọ́n ka nǹkan mẹ́ta sókè: ohun tó wọlé, ohun tó jáde, ohun tó kù ní báńkì. Sáà ọdún méjì, ẹ̀ẹ̀méjì péré. Àwọn tó ń sọ pé "kò sẹ́ni tó lè ṣe é bí i tirẹ̀" ló ń fi ẹgbẹ́ jogún fún èèyàn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni mẹ́ta ló ń gba owó lọ́wọ́ mi lójúmọ́ nídìí ìsọ̀ ata mi. Èwo ló tọ́ ká san? — Ìyá aláta kan

Ẹ kú ọjà o, màmá, ajé á wá o. Láti ọdún 1998 ni òfin àpapọ̀ ti to orúkọ àwọn owó tí káńsù lè gbà, owó ìsọ̀ àti owó ọjà sì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, ti káńsù tọ́, ẹ san án. Ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i nípàdé, ìpàdé ló sì lè dín in kù. Ẹni kẹta, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta: ta ló rán an, nínú òfin káńsù wo ni owó náà wà, àkáǹtì wo ni ó ń lọ? Rìsíìtì tí kò ní orúkọ káńsù, nọ́ńbà àti ọjọ́ kì í ṣe rìsíìtì, bébà ni. Ẹ má dá bá wọn jà. Ẹ jẹ́ kí Ìyálọ́jà kó ẹ̀dà bébà ogún tàbí ọgbọ̀n jọ, kó mú un lọ bá akápò káńsù pé kó sọ èyí tí òun mọ̀ nípa rẹ̀. Bí káńsù bá yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan, Àjọ Tó Ń Gba Ẹ̀sùn Ará Ìlú, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, ń gba ẹ̀sùn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kì í sì í béèrè lọ́yà.

Wọ́n ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti dá káńsù sílẹ̀, kí owó máa wá tààrà. Kí ló dé tí a ò tíì rí ìyàtọ̀? Àti pé kí ni ìtumọ̀ "àjọ tó lágbára" tí àwọn olùkọ́ wa ń sọ? — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Apẹtẹ

Ìdájọ́ náà jáde ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024. Ó sọ pé owó káńsù kò gbọdọ̀ gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́, àti pé ìgbìmọ̀ alábòójútó tí gómìnà yàn kò bófin mu. Ẹni tí aráàlú dìbò yàn nìkan ni. Nínú owó àjùmọ̀ní tí wọ́n ń pín lóṣooṣù, ìdá 52.68 nínú 100 ni ti ìjọba àpapọ̀, 26.72 ti àwọn ìpínlẹ̀, 20.60 ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774 tó wà ní Nàìjíríà, tí 33 nínú wọn wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, 11 sì wà ní Ìbàdàn yìí. Àmọ́ ó ti pẹ́ tí owó oṣù tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó ìfẹ̀yìntì ti máa ń kọ́kọ́ jáde nínú ti káńsù kí títì tó kàn. Ìyẹn kò lọ nítorí ìdájọ́.

Nǹkan mìíràn tún wà. Ìdájọ́ yí ojú ọ̀nà tí owó ń gbà padà, kò yí ọwọ́ tó ń ná an. Bí ẹni tó fọwọ́ sí iṣẹ́ bá tún ni ẹni tó sanwó, tó tún ni ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò, owó tó bá dé tààrà á lọ tààrà. Ìdí nìyẹn tí òfin fi ní káńsẹ́lọ̀ ló ń fọwọ́ sí bọ́jẹ́ẹ̀tì, akápò ló ń sanwó, ọ̀gá ayẹ̀wéwò àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ló ń yẹ̀wé wò. Tí ọ̀kan nínú wọn bá ń bẹ̀rù èkejì, ètò náà ti já.

Ní ti "àjọ tó lágbára", ọ̀rọ̀ yìí wà nínú èròǹgbà kẹrìndínlógún nínú mẹ́tàdínlógún tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé kalẹ̀ lọ́dún 2015 pé kí ayé dé ibẹ̀ ní 2030. Ẹ má lọ wá àpẹẹrẹ rẹ̀ jìnnà. Oyè Olúbàdàn ni kí ẹ wò. Ìlà méjì ló wà, ti Ọ̀tún àti ti Balógun. Bí èyí bá jẹ, tọ̀hún ló kàn. Láti Mógàjí ni èèyàn ti ń gun àkàbà náà, ẹni tó bá sì wà lórí àtẹ̀gùn kan mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Wọ́n máa ń jà lórí rẹ̀ nígbà míì, kódà wọ́n máa ń gbé ara wọn lọ sílé ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìjà náà máa ń jẹ́ lórí ohun tí ìlànà sọ. Gbogbo èèyàn gbà pé ìlànà wà. Ẹ wá bi ara yín: ta ló mọ ìlànà tí káńsù yín fi ń yan títì tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe?

Bí ẹ bá fẹ́ kí àdúgbò yín wọ bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹ má dúró di oṣù kìíní. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ti pò tán nígbà yẹn. Láàárín oṣù kẹjọ sí ìkẹwàá ni kí ẹ lọ bá káńsẹ́lọ̀ yín pẹ̀lú ojú ìwé kan: gígùn ibi tó bàjẹ́ ní mítà, iye ilé tó ń gba ibẹ̀, fọ́tò mẹ́ta, àti iye tí oníṣẹ́ méjì dá lé e. Káńsẹ́lọ̀ tí ẹ bá kàn bi pé "kí lo ṣe fún wa" á mú owó àríyá jáde lápò. Ẹni tí ẹ bá gbé ìwé síwájú rẹ̀ ní láti gbà á tàbí kó kọ̀ ọ́, ẹ ó sì lè rántí èyí tó ṣe.

Gọ́tà ńlá tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ti kún fún ìdọ̀tí. Ìpínlẹ̀ ní ti káńsù ni, káńsù ní ti ìpínlẹ̀ ni. Òjò sì ti ń bọ̀. — Ayálégbé kan, Ọjọ́ọ̀

Ìbàdàn kọ́ ló yẹ kó máa jiyàn lórí èyí. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún, ẹ̀mí tó sọnù lé ní ọgọ́rùn-ún. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnya, afárá ya, ẹ̀mí tún lọ ju ọgọ́rùn-ún lọ. Lẹ́yìn èyí ni Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí àwìn $200 mílíọ̀nù lọ́dún 2014 fún ètò ìdènà àgbàrá nílùú yìí. Wọ́n tún odò àti afárá púpọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n owó àwìn máa ń kọ́ nǹkan, kì í gbá nǹkan. Gọ́tà tuntun tí kò sí orúkọ ẹni tó ń kó o nínú ìwé owó ọdọọdún kankan á kún láàárín òjò méjì tàbí mẹ́ta.

Bí ẹ ṣe máa mọ ẹni tó ni ín nìyí. Gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì àdúgbò àti ìdọ̀tí inú rẹ̀, káńsù ni. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 kọ ọ́ mọ́ iṣẹ́ wọn. Gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ìpínlẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí iṣẹ́ òde ní Àgodi. Ti títì àpapọ̀, bí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ tó gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín. Odò àti ipa omi ńlá, ìpínlẹ̀ ni. Èyí tó wà lẹ́yìn ilé yín, ẹ tẹ̀ lé e dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀: bí láti ẹ̀bá títì ni, ẹni tó ni títì náà ló ni ín, bí odò ló ń gba ibẹ̀ kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìpínlẹ̀ ni. Ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ọ́fíìsì méjèèjì, kí orúkọ méjèèjì wà lórí rẹ̀, kí olúkúlùkù rí i pé èkejì ti gbà á. Ìyàlẹ́nu ni bí lẹ́tà olórúkọ méjì ṣe ń yára rìn.

Ẹ má dúró dè wọ́n kí ẹ tó kó o o. Oṣù kejì sí ìkẹta ló dáa jù, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí òjò bá dá díẹ̀ lóṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n kó jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Ẹ ti rí i pé òpin oṣù kẹjọ ni àgbàrá méjèèjì tí a dárúkọ sókè wáyé. Ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni pé wọ́n á kó ẹrẹ̀ sórí etí gọ́tà, wọ́n á ní ọkọ̀ ń bọ̀. Òjò kan ló máa dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ ṣàdéhùn kí ẹ tó fi ṣọ́bìrì kan ilẹ̀, kí ẹrẹ̀ kúrò láàárín ọjọ́ méjì. Nígbà tí ẹ bá kó o tán, ẹ da omi sí i: ibi tí omi bá dúró sí, ìsàlẹ̀ gọ́tà kò dagẹ̀rẹ̀ tó níbẹ̀. Ó yẹ kó máa rẹlẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan, ó kéré tán, láàárín mítà méjì méjì. Ẹ fi ọ̀dà pupa sàmì sára ògiri gọ́tà ní ibi tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an wà àti ní ìdajì gíga rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìdọ̀tí bá dé àmì ìdajì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ọjọ́ hàn, kí ẹ so ó mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà àkọ́kọ́, kí ẹ tún mú un lọ gba òǹtẹ̀ ní ọ́fíìsì méjèèjì.